Lẹ́tà Kan Tí Kò Sí Lórí Rìsíìtì

Alùpùpù àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà láyé mi, oṣù mẹ́tàlá péré ni mo fi gùn ún. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi kì í ṣe olè. Kò fọ́ ilẹ̀kùn, kò yọ ọ̀bẹ sí mi. Ọkọ mi ni, ó sì ní ìwé lọ́wọ́. Mo ti di arúgbó báyìí, àwọn ọmọ ọmọ mi sì máa ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ. N kò jẹ́ kó lọ. Inú bí mi nígbà náà, inú ṣì ń bí mi, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra mi kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Agbẹ̀bí ni mí. Nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn ṣì ń ṣèjọba ara rẹ̀ láti Ìbàdàn, káńsù gbà mí síṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Àtìkòrì, n'Íjẹ̀bú-Igbó. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin, bẹ́ńṣì kan, èmi, àti obìnrin kan tó ń bá wa fọ aṣọ. Àwọn obìnrin ìlú ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá. Àwọn tó wà ní abà nínú oko kòkó lọ́hùn-ún kò lè wá, èmi ni mò ń lọ bá wọn. Kẹ̀kẹ́ ni káńsù fún mi, kẹ̀kẹ́ ọkùnrin, tí irin àárín rẹ̀ ga débi pé mo gbọ́dọ̀ ká aṣọ iṣẹ́ mi sókè kí n tó lè gùn ún. Àwọn ọmọdé Àtìkòrì á máa hó tẹ̀lé mi. Mo máa ń bú wọn, wọ́n á sì tún hó.

Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan, àgbẹ̀ kan sáré wọlé. Láti ìdájí ló ti ń rìn bọ̀. Ó ní ìyàwó òun ti ń rọbí láti àná, ọmọ kò sì wá. Mo gbé àpótí mi, a mú ọ̀nà pọ̀n. A kò tíì rìn dé ìdajì tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ já. Mo ju kẹ̀kẹ́ náà sínú igbó, ọkùnrin náà gbé àpótí mi rù, a bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Nígbà tí a máa fi dé abà, àwọn obìnrin ti fi aṣọ bò ó lójú. Òun àti ọmọ inú rẹ̀.

Ọkùnrin náà rọra sọ àpótí mi kalẹ̀, ó fi apá aṣọ nu eruku orí àpótí náà, ó wá yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, Nọ́ọ̀sì."

Ì bá sàn fún mi ká ní ó ṣépè fún mi. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé màá ra alùpùpù, kódà bó bá máa gba kí n máa jẹ ẹ̀bà láìsí ẹran.

Èfirè ni màmá mi ń gbé, létí ọ̀sà. Ẹja ló ń yan tà, ó sì ní ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kó ẹrù àti èrò, àmọ́ ọkọ̀ náà ti gbó, omi tí wọ́n ń gbọ́n dànù nínú rẹ̀ ju ẹrù tó ń kó lọ. Mo wọ mọ́tò méjì, mo wọ ọkọ̀ ojú omi, mo bá a nídìí ààrò, èéfín bò ó, ó ń yí ẹja padà pẹ̀lú ìka ọwọ́ bí ẹni pé iná kì í jó òun. Màmá mi kò mọ ìwé. Ìjẹ̀bú etí omi ló ń sọ, kò sì fìgbà kan yí ahọ́n rẹ̀ padà nítorí èmi tí mo lọ sílé ìwé.

Mo sọ ohun tó gbé mi wá fún un. Ó ní èésú tí òun ń dá pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ òun máa kan òun ní oṣù márùn-ún sí i.

"Ọma mi, dúó. Wàá ko owó kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wàá gbé nǹkan ẹ, wàá rè."

"Màmá, àwọn tó ń rọbí kò lè dúró de èésú."

Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó wá ní, "Mo gbọ́. Àmọ́ nǹkan tí mée bá tíì san tán, mée pè é lí tèmi. Báyẹn lèmi ṣe."

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe máa ń ṣe. Ìkòkò, aṣọ, àwọ̀n, pátákó ilé, kò sí èyí tí màmá mi rà láwìn rí. Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé ayé ti yí padà, pé àwọn ilé ìtajà ńlá ti ń jẹ́ kéèyàn máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, pé àwọn akọ̀wé ń pè é ní háyà-pọ́ṣéèsì, pé kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Mo ṣe bí ọ̀mọ̀wé. Nígbà tó rí i pé mo ti pinnu, ó di ẹja fún mi, ó sì sìn mí dé èbúté.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti lọ rà á. Ní ọjọ́ tí mo dé ilé ìtajà yẹn, àgbẹ̀ kòkó kan wà níwájú mi. Oje kòkó ti sọ bùbá rẹ̀ di dúdú, kò sì wọ bàtà. Ó tú ìdì kan, ó da owó sórí tábìlì. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi òróró pa irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, dìde dúró. Ó ní kí wọ́n bu omi wá fún Bàbá. Ó bèèrè orúkọ rẹ̀, ó kọ ọ́, ó fún un ní rìsíìtì, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bàbá náà kò tilẹ̀ mọ alùpùpù gùn, ó ní ọmọ òun ló ń bọ̀ wá gùn ún lọ sílé.

Ó kàn mí. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi, tó funfun tónítóní. Mo mú ìwé owó oṣù mi dání, àti lẹ́tà káńsù. Mo ní sísan díẹ̀díẹ̀ ni mo fẹ́.

Akọ̀wé náà kò dìde. Ó wo ìka ọwọ́ mi, ó rí òrùka. Ó ní, "Ọkọ yín dà?"

Mo ní ọkọ mi kọ́ ló fẹ́ ra nǹkan, èmi ni. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin tó ti wọlé ọkọ, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tó dájú, bó bá lóyún lónìí káńsù lè ní kó máa lọ sílé. Èmi tí mo ń gbẹ̀bí fún gbogbo ìlú! Oyún tí mo fi ń jẹun ló wá sọ pé ó máa gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Mo bínú jáde. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo rántí aṣọ tí wọ́n fi bo obìnrin abà yẹn lójú, mo padà sínú ilé.

Ọkọ mi nígbà náà jẹ́ tíṣà ní Àgọ́-Ìwòyè, ọmọ ìjọ Áńgílíkà pátápátá, tó ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ohùn tó ń mú kí àwọn ìyá ìjọ máa mi orí. Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é, Tíṣà lèmi náà ń pè é. Ọjọ́ Ajé ló ń lọ sí Àgọ́, ọjọ́ Ẹtì ló ń padà sílé. Mo bẹ̀ ẹ́, ó gbà, ó sì tẹ̀ lé mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó gbà láìjanpata. Akọ̀wé gbé fọ́ọ̀mù wá. Tíṣà fọwọ́ sí ìlà olùrà. Èmi fọwọ́ sí ìlà ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí ohun tí mo fẹ́ fi òógùn mi rà.

Nígbà tí wọ́n fún mi ní rìsíìtì owó àkọ́kọ́, mo kà á. Orúkọ ọkọ mi ni mò ń jẹ́ láti ìgbà tí a ti gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà orúkọ mi ni mo rí. Àmọ́ níwájú orúkọ náà, M àti r ló wà níbẹ̀. S kò sí. Mísítà ni wọ́n kọ, wọn kò kọ Mísíìsì.

Mo fi hàn án. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin Màdáàmù yìí náà! Ṣebí ilé kan náà ni? Fọ́ọ̀mù lásán lèyí. Ẹni tó bá ń sanwó la mọ̀."

Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo?"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, pé mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ oṣù mẹ́tàlá yẹn, ẹ má jẹ́ kí n ṣe àìmoore sí i. Mo wọ ṣòkòtò péńpé sábẹ́ aṣọ iṣẹ́, mo fi gèlè di orí pinpin, mo so àpótí mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, àwọn obìnrin abà á ti gbé omi kaná. Àwọn ìyá Aládùúrà tó ní ilé àdúrà lójú ọ̀nà oko á jáde nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n á máa juwọ́ sí mi, àwa onífunfun méjèèjì. Mo ṣubú sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń nu púlọ́ọ̀gì. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, kò sí obìnrin kan tó kú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ tún un kà. Kò sí ẹyọ kan.

Oṣooṣù ni mò ń sanwó. Tíṣà kò fi kọ́bọ̀ kan sí i, n kò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí èésú kan màmá mi, tó sì rí i pé mo ti ra alùpùpù, ó fi owó náà kan ọkọ̀ ojú omi tuntun, ńlá, tí kò jò. Ó san án lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ọ̀dà pupa fa ìlà mẹ́ta sí imú rẹ̀, àmì tirẹ̀, kí gbogbo ọ̀sà lè mọ ẹni tó ni ín.

Mo san owó oṣù kejìlá, ó parí. Ìwé ìní gidi tí ilé ìtajà ń fi ránṣẹ́ bí owó bá pé, ilé ìwé Tíṣà ní Àgọ́-Ìwòyè ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, nítorí ibẹ̀ ni àdírẹ́sì tó wà lórí fọ́ọ̀mù. N kò fojú kàn án. Àkókò yẹn gan-an ni ìjọba ìwé ọ̀fẹ́ ń ṣí ilé ìwé káàkiri etí omi, wọ́n sì sọ Tíṣà di hẹdimásítà ní Òde-Omi. Inú mi dùn sí i. Mo se ìkọ́kọrẹ́, mo pe àwọn ará ilé. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó fa ìwé kan yọ láti àpò àyà rẹ̀.

"Alùpùpù yẹn, mo máa gbé e lọ. Hẹdimásítà kò lè máa fẹsẹ̀ rìn."

Mo rò pé àwàdà ni. Mo ní, "Òde-Omi kẹ̀? Tíṣà, omi ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Iyanrìn ni ìyókù. Kí lẹ fẹ́ fi alùpùpù ṣe nínú iyanrìn?"

Ó ní, "Iyì ni." Ó fi ìka sí orí ìwé náà. "Kà á. Ta ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

M àti r.

A fa ọ̀rọ̀ yẹn títí ohùn mi fi há. Ní ọjọ́ Ajé, obìnrin méjì ń rọbí lẹ́ẹ̀kan náà ní ilé ìgbẹ̀bí, n kò lè kúrò nídìí wọn. Nígbà tí mo délé ní ọ̀sán, àyè òfìfo ló wà ní ibi tí alùpùpù mi máa ń dúró sí, pẹ̀lú àbàwọ́n epo tó kán sílẹ̀.

Màmá mi ló sọ ìyókù fún mi, kò sì rọrùn fún un láti sọ. Tíṣà gbé alùpùpù dé èbúté, ọkọ̀ màmá mi ló sì wà níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ìyàwó rẹ̀ nínú iyanrìn. Inú màmá mi dùn, àna rẹ̀ ti di ọ̀gá. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹní sísàlẹ̀ ọkọ̀ kí alùpùpù má baà ha. Ó bèèrè pé, "Ọma mi dà?" Tíṣà ní mò ń bọ̀ lẹ́yìn. Màmá mi kò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Mo da rìsíìtì méjèèjìlá sórí tábìlì akọ̀wé onírun dídán yẹn. Mo ní, "Ìwọ lo sọ pé ẹni tó ń sanwó lẹ mọ̀."

Ó ní òun kò rántí. Ó ní, "Màdáàmù, ìwé ló ń sọ̀rọ̀."

Mo lọ bá àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n ní ara kan ni tọkọtaya, pé kí n fara balẹ̀, pé Ọlọ́run yóò pèsè òmíràn. Bí ara bá jẹ́ kan, èé ṣe tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ tèmi nìkan ló ń rìn? Mo bi wọ́n. Wọ́n ní mo ti ń ya aláfojúdi.

Oṣù kejì lẹ́yìn rẹ̀, àgbẹ̀ ọjọ́sí, ẹni tó gbé àpótí mi sáré, tún wá. Ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, ìyẹn náà sì ń rọbí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ibi tí alùpùpù máa ń wà.

"Nọ́ọ̀sì, alùpùpù yín ńkọ́?"

Mo gbé àpótí mi fún un. A fẹsẹ̀ rìn, a sì sáré níbi tí ẹsẹ̀ mi gbà. Mo gba ìyá náà là. Ọmọ náà, ọkùnrin, okùn ìwọ́ ti lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn, ó ti pẹ́ jù. Mo wé e, mo gbé e fún bàbá rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sọ pé ẹ kú ìrìn.

Láti ibẹ̀ ni mo ti gba ọ̀nà etí omi lọ. Mo kọ́kọ́ dé Òde-Omi. Mo rí alùpùpù mi lábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́yìn ilé ìwé. Afẹ́fẹ́ òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, ìpẹtà pupa ti yọ ní gbogbo etí irin rẹ̀, adìẹ kan sì jókòó sórí ìjókòó. Àwọn ọmọ ilé ìwé sọ fún mi pé ọjọ́ Ẹtì ni àwọn máa ń nù ún. Mo bi wọ́n pé ṣé ọ̀gá wọn ń gùn ún. Wọ́n ní rárá, ó máa ń rì. N kò wọ inú ilé Tíṣà, n kò sì wọ ilé rẹ̀ mọ́ láé.

Ní Èfirè, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún màmá mi nídìí ààrò. Mo retí kó sọ pé òun ti wí. Kò wí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Lẹ́tà yèn, fi hàn mí."

Mo fi ìka kọ ọ́ sínú eérú: M, r, s. Mo pa méjì àkọ́kọ́ rẹ́. Ó tẹ̀ba, ó wo èyí tó kù.

"Ìwọ̀ ẹja lèyí," ó ní. "Ìwọ̀ kékeré yèé ni àn fi gba nǹkan ẹ?"

Mo sunkún. Òun kò sunkún. Inú ń bí i, mo sì rí i pé ara rẹ̀ gan-an ló ń bínú sí, nítorí ẹní tó tẹ́ àti owó tí kò gbà. Mo sọ fún un pé ká ní mo dúró fún oṣù márùn-ún bó ṣe wí, kì bá tí rí báyìí. Ó gbójú sókè. Ó ní, "Ọma mélòó lo gbẹ̀bí ẹ̀ láàárín oṣù márùn-ún yèn?" Mo sọ iye tí mo rántí. Ó ní, "Má tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ìwọ lo ṣe é." Títí di òní, nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn èèyàn ń jiyàn pé sísan lẹ́ẹ̀kan ló dára tàbí sísan díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń rántí. Owó mi kò ṣe aburú kan. Ẹni tó bèèrè ọkọ mi ló ṣe é, àti ọkọ mi.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, màmá mi ta ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, pẹ̀lú ìlà pupa mẹ́ta tó wà nímú rẹ̀. N kò mọ̀ títí ó fi dé Àtìkòrì, tó ní kí n wọ bàtà, ká máa rè.

Ní ilé ìtajà Ìjẹ̀bú-Òde, akọ̀wé kan náà ló wà níbẹ̀. Màmá mi tú ìdì, ó da owó sórí tábìlì, owó tó ń rùn bí ẹja. Akọ̀wé náà dìde dúró. Ó ní kí wọ́n bu omi wá fún Màmá. Ó mú kálàmù.

"Orúkọ wo ni kí n kọ, Màmá?"

Màmá mi sọ orúkọ tó sọ mí ní ọjọ́ kẹjọ tó bí mi, àti ti bàbá mi. Ó ní, "Má kọ nǹkankan síwájú ẹ̀."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo dúró tì í, mo kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò wo òrùka ọwọ́ mi. Kò bèèrè ọkọ mi. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Mo gbé màmá mi sẹ́yìn alùpùpù, mo gbé e dé èbúté. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó ní kí n tètè padà, bóyá ẹnìkan ti ń dúró dè mí. Ọkọ̀ tó wà lómi lọ́jọ́ yẹn ní ìlà pupa mẹ́ta nímú. Màmá mi tú etí ìró rẹ̀, ó san owó ọkọ̀, ó sì wọlé jókòó láàárín àwọn èrò.